Súbà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ẹni Tó Sanra

Bí ìjọ kan bá fẹ́ dá fánfáà sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa níbí ní Benin, láti Savalou dé Bantè, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń pín fèrè. Ọmọ tó bá yára lẹ́nu ló ń gba tròńpẹ́ẹ̀tì. Èyí tí apá rẹ̀ gùn ló ń gba tròńbóònù. Èyí tó bá sanra jù nínú wọn, kódà bí kò tíì la ẹnu sọ ohun tó wù ú, súbà ni wọ́n á gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mò ń fọn ọ́n láti kékeré kò sanra rárá; ìyàwó mi a máa ní bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, kí n tètè gbé súbà mi kọ́rùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé mi lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sún mọ́ ọn rí: fèrè idẹ ńlá ni, èjìká òsì la fi ń gbé e, ọ̀pá rẹ̀ á yí ara ká gba abẹ́ apá ọ̀tún kọjá, ẹnu rẹ̀ gbàǹgbà á sì kọjú síwájú lókè orí. Túbà ni, àmọ́ túbà tí èèyàn lè fi rìn. Wilhelm Wieprecht, ọkùnrin orin ológun, àti Johann Gottfried Moritz tó ń rọ fèrè, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí túbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Prussia ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1835. Nígbà tó yá, John Philip Sousa ní Amẹ́ríkà fẹ́ èyí tó máa rọrùn láti gbé, J. W. Pepper ní Philadelphia sì rọ ọ́ fún un ní 1893. Àwọn Faransé ń pè é ní soubassophone. Ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn tán nígbà tí òkú ti ń lọ? Súbà ni tiwa.

Bí ẹ bá tú ọ̀pá rẹ̀ tó ká tí ẹ nà án sílẹ̀, ó tó mítà 5.5. Ti tròńpẹ́ẹ̀tì kò tó mítà 1.5. Ohun tó jẹ́ kí ohùn súbà wà nísàlẹ̀ nìyẹn, nítorí bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń lọ́ra gbọ̀n tó. Ètè afọnfèrè ló ń dún ní ti gidi, idẹ kàn ń gbé e jáde ni. Lórí ohùn dò tí a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ètè ń gbọ̀n tó ìgbà 58 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí náà, ètè, èémí àti etí ni súbà ń fẹ́. Kí ni ikùn fẹ́ ṣe níbẹ̀? Arnold Jacobs ló fọn túbà fún ẹgbẹ́ orin ńlá ìlú Chicago láti 1944 sí 1988. Ásímà ń yọ ọ́ lẹ́nu, èémí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń gbà kò sì pọ̀ tó ti ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn afọnfèrè ń rọ́ lọ láti kọ́ bí a ṣe ń mí. Ohun tó ń kọ́ wọn ni pé kí èémí máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó má le, kí ọkàn èèyàn sì wà lórí orin tó ń kọ nínú ara rẹ̀ dípò kí ó máa ṣọ́ iṣan àyà.

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan fa ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ wo eléyìí, òun ló ń jẹ gbogbo oúnjẹ ilé, súbà á bá a mu." Mo ní, "Ẹ ṣé, ìyá. Èyí tó dúró lẹ́yìn yín yẹn ńkọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti wọlé?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni mo mú. Ẹ̀gbọ́n ń lu ìlù báyìí, inú rẹ̀ sì dùn.

Kí n tó jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan idẹ, mà á ní kí ó kọ orin ìsàlẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń kọ ti òkè. Bí ó bá ṣì ń sá lọ bá wọn lókè, kò tíì yá. Lẹ́yìn náà, mà á gbé bébà pélébé kan lé ògiri, mà á ní kí ó fi èémí dì í mú níbẹ̀ kí ó má jábọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ gìdìgìdì, bébà rẹ̀ á já kíákíá. Ẹni tó bá jẹ́ kí èémí ṣàn, tirẹ̀ á pẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa fi ẹnu fèrè nìkan dún, láìsí ara fèrè, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má sì wú. Pístọ̀nù, àwọn ohun tí ìka ń tẹ̀ lára fèrè, ló kẹ́yìn. Mẹ́ta ni: ti àárín ń fa ohùn wálẹ̀ ní ìdajì ìṣísẹ̀, àkọ́kọ́ ń fà á ní odidi kan, ẹ̀kẹta ní ọ̀kan àbọ̀. Bí a bá tẹ àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta pọ̀, ohùn máa ń ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn túbà olówó ńlá ní pístọ̀nù kẹrin tó ń tún un ṣe. Tiwa kò ní in, ètè la fi ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀.

Nínú orin ìrìn, iṣẹ́ rẹ̀ kò fara sin: súbà ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, tròńbóònù ń dá a lóhùn láàárín ìṣísẹ̀ méjì. Àmọ́ ìsìnkú ni mo ti mọ ohun tí súbà wà fún. Ní Àgbómẹ̀, nínú ìlù zinli, ìkòkò amọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lu ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ìkòkò náà ló ń dún, ó sì ń dún wúwo. Bí ẹbí òkú bá béèrè zinli lọ́wọ́ wa, tàbí tchinkoumé, ìlù ìsìnkú àwọn Mahi tí a jọ ń gbé ní Savalou, ìkòkò yẹn ni mo máa ń gbọ́ nínú orí mi. N kì í fọn gbogbo ohùn tó wà nínú orin. Ibi tí ìkòkò á ti dún ni mò ń fọn, ibi tí kò ti ní í dún, mà á dákẹ́. Ó rọrùn láti kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń fọn. Dídákẹ́ ló máa ń gba ọdún.

Ní apá Bantè, láàárín àwa Ìṣà, ọ̀ràn mìíràn wà níbẹ̀. Láìtẹ pístọ̀nù kankan, ètè nìkan lè mú dò ìsàlẹ̀, sòl àti dò òkè jáde nínú súbà. Ohùn mẹ́ta nìyẹn, iye tí èdè wa náà ní. Mo ti fi wọ́n ki àwọn àgbà lójú agbo. Àwọn arúgbó gbọ́ ohun tí mo sọ. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé mò ń dán fèrè wò.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí dé ọ̀nà jíjìn ni Gangbé Brass Band, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1994. Ẹ fetí sí àwo wọn Whendo, tó jáde ní 2004: James Vodounnon ló wà nídìí súbà. Ní 2015 wọ́n gbé Go Slow to Lagos jáde, tó tọ ipa orin Fẹlá. Orin irú ti Fẹlá le fún súbà ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ìlà ìsàlẹ̀ kan náà ni yóò máa yí po fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gìtá tó sábà máa ń ta ìlà yẹn kì í mí, èèyàn ní í mí. Ohùn wo lo máa jẹ mọ́lẹ̀ kí o lè rí èémí fà, tí oníjó kò fi ní mọ̀? Tí súbà bá jẹ́ méjì, ẹ pín in: ọ̀kan ń mí, èkejì ń fọn.

Àwọn òyìnbó náà ní orin tí túbà ti ń ṣe aṣáájú. Ralph Vaughan Williams kọ odidi orin kan fún un, Philip Catelinet sì kọ́kọ́ fọn ọ́n ní London ní 1954. Maurice Ravel ará Faransé ní tirẹ̀ fún túbà ní orin kẹ̀kẹ́ màlúù, "Bydło", nínú Pictures at an Exhibition, iṣẹ́ Mussorgsky ará Rọ́ṣíà tó tún tò ní 1922. Túbà Faransé kékeré oní-pístọ̀nù mẹ́fà ló ní lọ́kàn, ìyẹn ni orin náà fi ga débi pé ọ̀pọ̀ tó ń lo túbà ńlá lónìí ń gbé fèrè mìíràn tó kéré sí i láti fi fọn ọ́n. Mo fẹ́ràn ti kẹ̀kẹ́ màlúù yẹn. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ mi, ní ìsàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Ravel má bínú.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù: Ìgbàsókè Màríà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún iṣu tuntun nígboro Savalou, ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ń pè wá máa ń dúnàádúrà, tí wọ́n á ní kí á mú èèyàn díẹ̀ wá, kí á fi "èyí ńlá yẹn" sílẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ yọ tròńpẹ́ẹ̀tì méjì kúrò, orin á ṣì dúró. Ẹ má yọ súbà. Ẹ sì má gbàgbé owó zémìjàn (alùpùpù akérò) méjì fún un, torí ẹnu rẹ̀ máa ń yọ: ọ̀kan á gbé afọnfèrè àti ara súbà, ìkejì á gbé ẹnu rẹ̀ tẹ̀lé wọn.