Ẹ Gbọ́ Ohùn Kẹ̀kẹ́ Yín Kí Ẹ Tó Mú Sípánà

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi de ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní Oṣòdì-Ìsọlọ̀, pẹ̀lú Muṣin, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ti Mafolúkù lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, tí kò sì fẹ́ dúró de Máruwá, kẹ̀kẹ́ ológeere lè gbé e débẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ láyé ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wa, ariwo rẹ̀ sì lè ṣáájú ẹni tó gùn ún dé ọjà.

Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń ké, ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn da ọ́ìlì sí gbogbo ibi tí ọwọ́ bá tó. Ọ́ìlì kì í ṣe oògùn gbogbo ariwo. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ewu ló ń fà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: ariwo kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá. Àmọ́ etí máa ń tan ni jẹ, torí irin férémù ń gbé ohùn kiri. Ìjókòó tó tú lè dún bí ẹni pé ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ pẹ́dà ni. Ìgbà tí ariwo ń dún ló yẹ ká kọ́kọ́ kíyè sí, ká tó wá ojú ibi tó wà.

Ẹ wá òpópónà tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi dára fún un. Ẹ wa kẹ̀kẹ́ náà títí yóò fi sáré díẹ̀, kí ẹ wá dá ẹsẹ̀ dúró, kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ṣéènì, pẹ́dà tàbí irin tó gbé pẹ́dà ló wà. Bí kò bá dákẹ́, táyà tàbí bíréèkì ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ inú kòtò nìkan ló ti ń dún, nǹkan kan ló tú. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde lórí ìjókòó kí ẹ máa wa á lọ ní òró. Bí ariwo bá lọ, ìjókòó tàbí òpó rẹ̀ ló ń ké. Iye ìgbà tó ń dún náà ń tú àṣírí. Lórí kẹ̀kẹ́ tí irin eléyín iwájú rẹ̀ ní eyín 44, tí ti ẹ̀yìn ní 18, táyà ẹ̀yìn á ti yí ju ìgbà méjì lọ kí pẹ́dà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bó bá ń dún "kọ̀" lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí pẹ́dà bá yípo, táyà kọ́.

Ṣéènì ló sábà máa ń jẹ̀bi. Lára irú èyí tí Hans Renold ṣe ní Manchester lọ́dún 1880 ni ti òní ti ṣẹ̀: píìnì wà nínú, róólà ń yí lórí rẹ̀. Inú ibẹ̀, níbi tí irin ti ń ra irin, ni ọ́ìlì ti wúlò. Èyí tó wà lára ìta kàn ń kó eruku ni. Bí ṣéènì bá ń ké "wín-ín wín-ín", ẹ fi àkísà nù ún, ẹ kán ọ́ìlì sórí róólà kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, kí ẹ tún wá nu ìta rẹ̀ gbẹ. Ẹ má lo ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ní ọjà Ládiípọ̀, torí ó ti ní èérún irin nínú. Bí kò bá sí ọ́ìlì ṣéènì, ti ẹ̀rọ ìránṣọ sàn ju ọ́ìlì dúdú yẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tètè ń gbẹ. Ẹ sì fi rúlà wọn ṣéènì náà. Ààbọ̀ íńṣì ni àárín píìnì kan sí èkejì, nítorí náà ìso 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íńṣì lé e, ó ti gbó, ó sì ti ń jẹ eyín irin lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ṣéènì bá dára tí "kọ̀" ṣì ń dún ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá yípo, ẹ tú pẹ́dà, ẹ nu ojú ìdè rẹ̀, ẹ fi gírísì sí i, kí ẹ dè é pinpin. Ẹ rántí pé òdìkejì ni ìdè pẹ́dà òsì: ìhà tí a fi ń de ti ọ̀tún la fi ń tú u. Lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, píìnì kékeré kan ló di irin pẹ́dà mú. Bó bá tú, ẹ má gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, ihò rẹ̀ á fẹ̀ kọjá àtúnṣe. Bí ìdí irin pẹ́dà bá sì ń rún bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, omi ti wọ ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù irin wà. Ẹni tó bá ń la àgbàrá Òkóta kọjá lásìkò òjò mọ̀ ọ́n. Kẹrosíìnì la fi ń fọ̀ ọ́, ká tó fi gírísì tuntun sí i.

Ní ti bíréèkì, rọ́bà rẹ̀ ló ń di rímù mú, tó ń fi í sílẹ̀, tó tún ń dì í mú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n yìí ló ń han. Ẹ fi sípíríìtì nu rímù, ẹ fi sáńdípépà ha ojú rọ́bà, kí ẹ sì tò ó kí etí rẹ̀ ti iwájú fi nǹkan bíi mìlímítà kan ṣáájú ti ẹ̀yìn kan rímù. Ọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láéláé, torí kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń yọ̀ kò ní dúró nígbà tí dáńfó bá já sí i níwájú. Bó bá ń ha "ṣìì" lẹ́ẹ̀kan nígbà tí táyà bá yípo, rímù ti wọ́. Ẹ fi ìka ta àwọn sípóòkù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló dẹ̀.

Mọ́gáàdì, agogo àti irin ẹrù kò le: ẹ de nọ́ọ̀tì wọn. "Kẹ-kẹ-kẹ" tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn nígbà tí ẹ kò bá wa pẹ́dà kì í ṣe àrùn; irin kéékèèké inú fíríwíìlì ló ń fo eyín kọjá. Bí kò bá dún mọ́, tí pẹ́dà sì ń yí lásán, ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣàníyàn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ariwo wà, ẹ nu ibẹ̀, ẹ de ohun tó tú, kí ọ́ìlì wá kẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń mì, tàbí tí ẹ rí ibi tó sán lára férémù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.