Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé ìlú tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn ni lójú àlejò?

Láti ọdún 2023 ni ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ ti wà nínú àkójọ àjogúnbá UNESCO. Àlejò tó bá torí ẹ̀ wá yóò bá ìlú tí wọn ò kọ́ fún mọ́tò pàdé. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ yìí dó ní àwọn ọdún 1830, ààfin ni àárín gbùngbùn, ọjà Akẹ̀sán ń bẹ níwájú rẹ̀, ọ̀nà sì ya láti ibẹ̀ lọ sí àdúgbò gbogbo. Ẹni tó ti ààfin jáde, ọjà ló bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀nà ṣe gùn tó lórí máàpù, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe gùn lójú ẹni tó ń rìn ín. Jeff Speck, onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 2012 pé kí ìrìn tó wu èèyàn, ó gbọ́dọ̀ wúlò, kó láàbò, kó tuni lára, kó sì dùn ún wò.

Ti dídùn-ún-wò, Ọ̀yọ́ ò kẹ̀rẹ̀. Onígbá fínfín gbé igbá lé itan, ọ̀bẹ kékeré ń há èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilà ń yọ funfun. Ẹni tó ń wo ìyẹn ò ní rántí pé oòrùn ń pa òun. Àmọ́ tí gọ́tà bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọ̀kadà ń fun fèrè lẹ́yìn ẹni, ilẹ̀ ni àlejò á máa wò, kò ní rí igbá rárá.

Ọ̀rọ̀ àmì ọ̀nà náà ńkọ́? Kevin Lynch, onímọ̀ ètò ìlú mìíràn, ti ṣàlàyé ní 1960 pé àwọn ohun tó hàn ketekete, bí oríta àti ilé ńlá, la fi ń ya ìlú sínú ọkàn. Ọmọ ìlú ti ya tirẹ̀ tipẹ́. Bi í léèrè ọ̀nà: “Kò jìnnà, ẹ máa lọ tààrà, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo tẹ́lẹ̀, ẹ yà sọ́tùn-ún.” Ibo ni àlejò ti fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta epo *tẹ́lẹ̀*?

Ògbómọ̀ṣọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀. Ààfin Ṣọ̀ún wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìránṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898 náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin gba inú ìlú kọjá, tirela sì ń lo ọ̀nà náà. Lójú tèmi, kí wọ́n tó tẹ ìwé ìpolówó kankan fún àlejò, kí wọ́n kọ́kọ́ dé gọ́tà, kí wọ́n gbin igi, kí wọ́n sì ya ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà sọdá títì.