Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Asẹ́ àti Ẹ̀rọ Afami fún Adágún Ẹja Inú Ọgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. N kò ka òwe yìí sí nígbà tí mo fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ adágún kékeré kan sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa, tí mo sì kó epìyà 60 sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Asẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni mo rà, pẹ̀lú ẹ̀rọ afami kékeré kan, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní pọ́ǹpù. Omi náà mọ́ gaara. Gbogbo ẹni tó yà kí wa ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo ti kó òkú ẹja 22 jáde. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, n kò fẹ́ kí ẹ fi owó ra irú ọgbọ́n yìí.

Kí ló ń pa ẹja nínú omi tó mọ́? Májèlé tí ń jẹ́ amóníà ni. Ó ń ti ara ẹja fúnra rẹ̀ jáde, ó sì ń ti ara ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù wá. Odò ń ṣàn, ó ń gbé ẹ̀gbin lọ. Adágún kò ṣàn. Ojú kò sì lè rí amóníà.

Iṣẹ́ méjì ni asẹ́ ń ṣe. Èkíní, fóòmù inú rẹ̀ ń gba pàǹtí dúró. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: àwọn bakitéríà tí ń gbé ara fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé; àwọn mìíràn a sì sọ nitrite di nitrate, tí òṣíbàtà àti ojúoró ń fi ṣe oúnjẹ. Nínú asẹ́ tuntun, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa kó ẹja sínú adágún tuntun.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

(1) Ẹ fi mítà wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn adágún. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, kí ẹ tún sọ èsì náà di púpọ̀ ní ọ̀nà 1,000. Tèmi jẹ́ mítà 2, 1.5 àti 0.8, lítà 2,400 nìyẹn.

(2) Ó yẹ kí gbogbo omi náà gba inú asẹ́ kọjá láàárín wákàtí méjì, ìyẹn lítà 1,200 ní wákàtí kan. Bí ẹja bá pọ̀, kí ó jẹ́ wákàtí kan péré.

(3) Iye tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ afami ni èyí tó ń fà nígbà tí kò gbé omi lọ sókè rárá. Bí asẹ́ bá ti ga sí i ni omi ń dín kù. Lítà 1,000 ni wọ́n kọ sára tèmi, ṣùgbọ́n asẹ́ mi fi mítà kan ga ju omi lọ; ohun tó ń dé ibẹ̀ kò tó ìlàjì. Ẹ wo iye tó ń fà ní gíga tiyín. Páìpù tóóró a tún máa dí i lọ́wọ́.

(4) Oòrùn ilẹ̀ wa ń mú kí ẹja jẹun púpọ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Ẹ ra asẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìlọ́po méjì omi yín.

(5) Ẹ̀rọ afami kì í sinmi, tọ̀sán-tòru. Èyí tó jẹ́ wáàtì 60 yóò jẹ iná yúnìtì 1.44 lójúmọ́. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, àwọn bakitéríà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítorí àìsí ọ́síjìn. Ẹ wá bátìrì àti sólà sílẹ̀, tàbí kí ẹ dín ẹja kù. Bí iná bá sì ti lọ, ẹ má fún wọn lóúnjẹ.

Omi inú adágún ni kí ẹ fi fọ fóòmù. Kiloríìnì inú omi ẹ̀rọ yóò pa àwọn òṣìṣẹ́ yín tí ojú kò rí.

Epìyà 38 tó ṣẹ́kù ló kọ́ mi ní ìṣirò yìí. Ẹ wọn adágún yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.