Ìrànlọ́wọ́ tó Ń Ṣáájú Kíráísì: Ẹbí Ọmọ SS ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní síkúlù sẹ́ẹ̀lì, jẹ́ àìsàn àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnìkan kì í kó ran ẹlòmíràn. Ohun tó ń fà á ni àyípadà kékeré kan nínú himoglóbìn, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tó sì ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara; bí ọ́síjìn bá dínkù, àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bí dòjé, wọ́n á le, wọ́n á sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín, ibẹ̀ sì ni ìrora líle tí àwọn ẹbí ń pè ní kíráísì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Jínótáìpù ni orúkọ irú himoglóbìn tí ọmọ jogún, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ló wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn náà, bí wọ́n tilẹ̀ ti bí SS kan tàbí méjì ṣáájú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àwọn ọmọ tí wọ́n sì ń bí pẹ̀lú àìsàn náà níbẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n fojú bù sí 150,000, pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè mìíràn lọ.

Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ẹbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ọmọdé tó wà ní Massey Street, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Massey lásán, tí ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sì dáwọ́ lé àtúnkọ́ rẹ̀ di oníbùsùn 150, wà láàárín wọn gan-an. Ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1893, kò sì jìnnà. Agbo ilé náà ṣì lágbára ládùúgbò yìí. Bí ọmọ bá ké lóru, àwọn alábàágbé á jáde, ẹnìkan á sáré wá ọkọ̀, ẹnìkan á gba àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ á sì gbà kí ìyá ọmọ kó owó kó tó kàn án. Oore ńlá ni. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ọjọ́ kíráísì ló ń dé, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dá ẹ̀mí ọmọ SS sí jù lọ ni àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá le, tí kò sí ẹni tó ń sáré.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú wọn. Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí, irú himoglóbìn tí ìkókó gbé bọ̀ láti inú oyún máa ń dáàbò bò ó, ara rẹ̀ á sì dá ṣáṣá. Nígbà tó bá fẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí àwọn ènìyàn á máa rò pé ó ṣubú ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó fi di 2006, wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ gbogbo ìkókó fún àyẹ̀wò yìí ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń wà lábẹ́ ìtọ́jú kí ara tó ro ó rí, nígbà tí ìbátan rẹ̀ tí wọ́n bí ní Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè wà láìmọ̀ títí ọwọ́ yóò fi wú. Àyẹ̀wò kékeré tó ń sọ èsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí kò nílò ẹ̀rọ ńlá, ti wà báyìí. Kò yẹ kí òbí tó jẹ́ AS gbé ọmọ kúrò níbi tí wọ́n ti gbẹ̀bí láìbéèrè rẹ̀.

Bí èsì bá ti jáde, iṣẹ́ tó kù kò gbówó lórí rárá. Ní 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pẹnisílínì tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ dín àrùn tí kòkòrò tó ń fa òtútù àyà ń dá sílẹ̀ kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti òpin 2014 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà kòkòrò náà sì ti ń wọ inú àwọn abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọmọ ọwọ́ ń gbà ní Nàìjíríà. Paludrine wà fún ìdènà ibà, fólíìkì wà fún ẹ̀jẹ̀, omi mímu lọ́pọ̀lọpọ̀ sì wà fún gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí owó kò sí nínú rẹ̀ pàápàá. Ní Jàmáíkà, wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yẹ ọlọ inú wò, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tó lè fa ẹ̀jẹ̀ sínú lójijì kó sì wú, tí ọmọ á ṣe bẹ́ẹ̀ kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985 fi hàn pé ikú láti ọ̀nà yẹn dínkù gidigidi nítorí pé àwọn ìyá ń tètè gbé ọmọ wá. Ìyá tó ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà lè kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ohun tó ṣòro díẹ̀ ni rọpárọsẹ̀, tó lè kọlu ọmọ SS kó tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ díwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ, tó sì lè fi ọmọ tí ewu náà ń bọ̀ wá bá hàn, kí wọ́n lè fún un ní hydroxyurea, oògùn tó ń mú kí himoglóbìn ìkókó padà pọ̀ sí i. Fún irú ìtọ́jú yìí, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ní láti sọdá afárá lọ sí Ìdí-Àràbà, níbi tí Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994, kọ́ ibùdó rẹ̀ sí ní òdìkejì ilé ìwòsàn LUTH, tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n sì ń gba òbí nímọ̀ràn.

Ní ti owó, ìjọba ìpínlẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, ṣùgbọ́n àìsàn yìí kì í parí ní ọdún 12. Ìlera Èkó, ètò adójútòfò tí òfin 2015 fi lélẹ̀, tí Gómìnà sì sọ di dandan ní 2024, dà bí àjọ tó jẹ́ pé ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o. Ẹbí tó ní ọmọ SS ló yẹ kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kó sì béèrè ohun tó wà nínú ètò náà àti ohun tí kò sí níbẹ̀ kí ọjọ́ ìnáwó tó dé.

Ọ̀rọ̀ àgbo kò ṣeé fò ládùúgbò tó súnmọ́ Jankárà, ọjà tó lókìkí fún ewé àti egbò. Ìmọ̀ náà kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́: ní 1971, àwọn olùwádìí ní Ifẹ̀ kéde pé omi gbòǹgbò orin àtà ń dá hóró ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò; láti inú àgbo mìíràn, ti ìdílé oníṣègùn Yorùbá kan tó ń jẹ́ Ògúnyalé, tó ní ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà nínú, ni wọ́n sì ti ṣe Nicosan, oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006, kí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é tó wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àti ìmọ́tótó oògùn yẹn yàtọ̀ sí ti àgbo inú ike tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ìyá tó bá fẹ́ lò ó kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ dá pẹnisílínì dúró, ó sì yẹ kó sọ fún dókítà, dókítà náà kò sì gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọn.

Ìyá yìí kan náà ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù, bí ẹni pé òun nìkan ló fi lẹ́tà S sílẹ̀. Òun ló ń pàdánù ọjọ́ ọjà, òun ló sì ń ṣàlàyé fún olùkọ́ pé kíndìnrín ọmọ SS kì í lè ṣẹ́ omi kù, pé ìdí nìyẹn tó fi ń tọrọ àyè jáde lemọ́lemọ́, tó sì lè máa tọ̀ sílé títí di ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dẹ́kun. Pàṣán kò lè wo èyí sàn.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ìyá mọ̀ wà nínú orí rẹ̀ nìkan, ó sì ń di ìṣòro lọ́jọ́ tí ọmọ bá kúrò lọ́wọ́ àwọn dókítà ọmọdé bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà àgbà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé ìkọ̀wé kan tó láti kọ oògùn, abẹ́rẹ́, ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, àti PCV rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá, ìyẹn ìdá tí hóró pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, dókítà tuntun tó bá rí PCV 22 lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọmọ náà kó sì fà á sí i, nígbà tó jẹ́ pé iye tó ń gbé e rìn lójoojúmọ́ nìyẹn.