Taylor ni wá, ṣùgbọ́n kò sí télọ̀ nílé wa

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin pè mí lóru. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù. Àṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo jí yín," ló wí. "Mo fẹ́ yí orúkọ ìdílé wa padà kí ọmọ yìí tó dé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ Taylor."

Taylor ni wá. Tí ẹ bá pàdé wa l'Ékòó, ẹ ó rí i pé Yorùbá pọ́ńbélé ni wá, à ń jẹ ẹ̀bà, à ń bá awakọ̀ dáńfó jà lójú títì. Ṣùgbọ́n láti kíláàsì kìíní títí dé ibi tí mo ti lọ gba NIN, ìbéèrè kan náà ni: "Taylor? Ṣé òyìnbó ni bàbá ẹ ni?" Bàbá ńlá bàbá wa ló gbé orúkọ náà ti Freetown wá, ara àwọn tí wọ́n ń pè ní Sàró. Kò sí ẹni tó ń ránṣọ nílé wa láti ìgbà náà, àyàfi tí ẹ bá ka ẹ̀gbọ́n Dádì kan tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ rán ìbọ̀sẹ̀ tó bá ya.

Mo ní kó jẹ́ kí n sùn, pé a ó sọ ọ́ tílẹ̀ bá mọ́. Ó gé fóònù, ó lọ sùn. Èmi ni oorun ò kùn mọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri nípa ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti rí àwọn orúkọ tí wọ́n kó fún wa.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ bá mi ṣí fóònù yín, kí ẹ wo orúkọ àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀. Nínú tèmi, "Túndé Mẹkáníìkì" wà. "Ìyá Bísí Ẹlẹ́ja" wà. "Ṣẹ́gun Ìyànà Ìpájà" wà. "Kúnlé Dúdú" wà, torí pé Kúnlé kan tún wà tó pupa. "Bọ̀sẹ̀ Ọmọ Alájì" náà ò gbẹ́yìn. Mi ò mọ orúkọ bàbá ẹnì kankan nínú wọn. Túndé mẹ́rin ló wà nínú fóònù mi, mo kàn fẹ́ mọ èyí tí mo ń pè ni.

Bí orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn o. Kí William ti Normandy tó ṣẹ́gun wọn lọ́dún 1066, orúkọ kan péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́. Lẹ́yìn ogun náà, orúkọ àwọn tó ṣẹ́gun ló wá di ohun tí gbogbo ayé fẹ́ sọ ọmọ wọn: William, Robert, John, Thomas. Kò pẹ́ tí abúlé kékeré kan fi kún fún John. Bí wọ́n bá pe John lójú ọjà, èèyàn mẹ́fà ló máa wẹ̀yìn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀kan ní John alágbẹ̀dẹ, èkejì ní John ọmọ William, ẹ̀kẹta ní John tó ń gbé lórí òkè, ẹ̀kẹrin ní John onírun pupa. Smith, Williamson, Hill, Russell. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba náà dá sí i. Lọ́dún 1377, 1379 àti 1381, wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ará England, akọ̀wé tó ń kọ orúkọ sínú ìwé sì gbọ́dọ̀ mọ John tó ti san àti John tó sá lọ. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún bàbá, ó rọrùn láti kọ ọ́ fún ọmọ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1400, ọ̀pọ̀ ìdílé ní England ló ti ń jogún orúkọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe búrẹ́dì ń jẹ́ Smith síbẹ̀.

Ẹni tó tù mí nínú jù lóru ọjọ́ náà ni Geoffrey Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ dá àwọn tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì lóró. Ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí ẹni tó ń ṣe bàtà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Wáìnì sì ni bàbá rẹ̀ ń tà ní London! Nígbà tí mo rí ìyẹn, ara mi balẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí irú wa ti wà.

Taylor tiwa náà, ọ̀rọ̀ Faransé ni, ẹni tó ń gé nǹkan ló túmọ̀ sí. Ọ̀gá télọ̀ ló ń gé aṣọ, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ọmọṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbé rírán fún. Thatcher ni ẹni tó ń fi koríko bo òrùlé ilé. Margaret Thatcher tó ṣe olórí ìjọba Britain láti 1979 sí 1990, ọkọ ló bá dé ìdí orúkọ yẹn. Roberts ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ sì ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù nílùú Grantham. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni Webster àti Baxter. Obìnrin tó ń hun aṣọ ni Webster níbẹ̀rẹ̀, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì sì ni Baxter. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni, ọkùnrin ló wá ń jẹ́ ẹ kiri báyìí.

Ẹ̀yin tí bọ́ọ̀lù ń pa lọ́sàn-án Sátidé, tiyín wà ńbẹ̀. Ìdílé Alan Shearer, ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn tàbí tó ń rẹ́ ojú aṣọ kó lè dán ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà. Wright ni oníṣẹ́ ọwọ́, pàápàá ẹni tó ń fi igi ṣe nǹkan, ẹ kí Ian Wright fún mi. Crouch ò sọ nípa ẹni tó lóṣòó. Àgbélébùú ló túmọ̀ sí láyé àtijọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí àgbélébùú ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá rí bí Peter Crouch ṣe ga tó á mọ̀ pé ìlóṣòó ò bá a mu. Rice kì í ṣe ìrẹsì tí à ń fi ọbẹ̀ ata jẹ. Rhys ni, orúkọ àwọn ará Wales.

Walker wá ńkọ́? Mo rò pé ẹni tó ń rìn kiri ni. Rárá o. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá hun aṣọ òwú àgùntàn tán, wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè ki, kó sì mọ́. Wọ́n máa ń lo ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí aṣọ nínú ìtọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun ni Walker. Nígbàkigbà tí Kyle Walker bá sá eré tete lọ lórí pápá, èmi ò lè má rántí.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Orúkọ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa ni Crowther.

Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun ojú omi Britain gba ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó òun àti àwọn ẹrú yòókù lọ, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sierra Leone. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan tó wà ní London, Samuel Crowther ti ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Newgate. Látọjọ́ náà, ọmọ Òṣogùn di Samuel Crowther. Lọ́dún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Kí wá ni Crowther? Ohun èlò orin olókùn kan wà láyé àtijọ́ ní Wales àti England, tí wọ́n ń fi ọrun fà bíi gòjé wa. Crowd ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹni tó ń ta á ni Crowther. Nítorí náà, tí a bá fẹ́ pe orúkọ bíṣọ́ọ̀bù wa ní Yorùbá láìfi ọ̀kan pe méjì, Àjàyí Onígòjé ni. Mo rẹ́rìn-ín títí tí ìyàwó mi fi jí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Àbí wọ́n kúkú sọ fún un?" Ìbéèrè yẹn ni mi ò rí dáhùn.

Wọ́n kàn fún un ni. Ohun tó yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tiwa àti ti Túndé Mẹkáníìkì nìyẹn. Ará abúlé John ló pè é ní Smith, torí pé wọ́n ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Àjàyí ò ta gòjé. Orúkọ tí ẹlòmíì ti lò ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù òkìrìkà.

Ti ọmọbìnrin kan tún burú ju ìyẹn lọ. Àìná ni wọ́n ń pè é nílé, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Ẹ̀gbádò, táwọn jagunjagun Dahomey kó lẹ́rú. Lọ́dún 1850, ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes lọ́rẹ, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Britain. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Forbes ni orúkọ ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ẹ gbọ́, ọkọ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọ èèyàn! Àìná sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ pé ọmọ yìí gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Bonetta sọ fún wa nípa ohun tí wọ́n fi gbé e. Lọ́dún 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Sàró, ní Brighton, ó sì di ìyàwó Davies, ìyẹn ọmọ David. Ó kéré tán, David kì í ṣe ọkọ̀.

Àwọn ará Èkó kan ti rí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di pé àbúrò mi rí i. David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, sọ ara rẹ̀ di Mọjọlá Àgbébí lọ́dún 1894. Edmund Macaulay, agbẹjọ́rò, di Kitoyi Ajasa. Fẹlá náà ju Ransome nù ní ọdún 1970 sí 1979, ó di Aníkúlápó. Àwọn tó ń ṣèwádìí orúkọ sọ pé Ransome ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú owó ìràpadà rárá, ọmọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Rand ló túmọ̀ sí. Mi ò rò pé ìyẹn ì bá yí Fẹlá lọ́kàn padà.

Ní ti àwọn tí kò yí i, mi ò lè bú wọn. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, ló kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń jẹ lára rẹ̀ títí dòní, ìwé tó jáde lọ́dún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Samuel Johnson mìíràn wà ní England tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè lọ́dún 1755. Tí ẹ bá tẹ Samuel Johnson sórí Google, ti England ló máa kọ́kọ́ yọ. Ó ń dùn mí, àmọ́ tiwa ni mo máa ń tẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, a pàdé nílé Dádì. Àbúrò mi kó ìwé wá. Ó ti béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìwé ìbúra ní kóòtù àti fún ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ó ti ka àwọn ibi tó máa lọ tẹ̀ lé e: NIN, BVN, pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Dádì gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Kò burú," ni Dádì wí. "Orúkọ wo lo fẹ́ yí i sí?"

Ilé pa lọ́lọ́. A ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá ńlá yẹn ń jẹ́ kí wọ́n tó mú un. Àbúrò mi ní kí á lo orúkọ Dádì fúnra rẹ̀, Ọláníyì. Dádì ní, "Tí mo bá di orúkọ ìdílé, bàbá tèmi ńkọ́? Ṣé òun ló ṣẹ̀ yín ni?"

Màmá Àgbà, àǹtí Dádì tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló dá sí i láti orí àga tó ti ń tòògbé. "Òpómúléró ni yín," ló wí. "Ta ló ní ẹ ò mọ ara yín?" Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki wá. Mo ti gbọ́ oríkì yẹn láti kékeré, níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú, mi ò tẹ́tí sí i rí. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kún inú rẹ̀: òpó tí wọ́n ró láṣọ, iyì tó ń bẹ lára aṣọ, bí aṣọ ṣe ń bo àṣírí ọmọ èèyàn. Àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó.

Ẹni tó fún bàbá ńlá wa ní Taylor ní Freetown ò lè mọ nǹkan kan nípa Òpómúléró. Ó ṣe kòńgẹ́ ni, mi ò ní tan yín jẹ. Orúkọ sọnù, ṣùgbọ́n oríkì ò sọnù, torí pé ẹnu àwọn obìnrin ló wà. Kò sí akọ̀wé owó orí tó lè pààrọ̀ ìyẹn.

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, obìnrin ni. Àmọ̀kẹ́ ni Màmá Àgbà ń pè é. Àbúrò mi kọ Taylor sínú fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, torí pé wọ́n ní òun ò lè fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ó ní lóṣù tó ń bọ̀, òun ṣì ń lọ sí kóòtù. Dádì ní kó máa pe òun dání tó bá ń lọ, pé òun ò tíì pinnu, àmọ́ òun náà fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe dún tí wọ́n bá pè é ní Àmọ̀kẹ́ Òpómúléró níwájú adájọ́.