Agbo Ilé Ló Ń Gba Ọmọ Là: Ìyà Ìgbà Èwe àti Ìlera Ọpọlọ Láàárín Àwọn Látínò

Ní San Diego, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Dókítà Vincent Felitti ń tọ́jú àwọn tó sanra jù ní àwọn ọdún 1980, ohun kan sì ń yà á lẹ́nu: àwọn tí ìtọ́jú náà ń ràn lọ́wọ́, tí ara wọn ti ń fúyẹ́, gan-an ló ń sá lọ. Nígbà tó fi sùúrù bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe dàgbà, ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni pé wọ́n ti fipá bá àwọn lò pọ̀ ní kékeré.

Òun àti Dókítà Robert Anda wá kó ìbéèrè lọ bá àgbàlagbà tó lé ní 17,000. Ṣé wọ́n máa ń lù ọ́ débi tí ara rẹ yóò fi lé? Ṣé wọ́n máa ń na ìyá rẹ? Ṣé ọ̀mùtí wà nínú ilé yín? Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1998: ewu pé ẹni tó rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú irú ìyà yìí yóò gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tó ìlọ́po méjìlá ti ẹni tí kò rí ọ̀kankan.

Àmọ́ òyìnbó tó kàwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè. Àwọn Látínò ńkọ́, àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò, Puerto Rico, Kúbà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì? Iye wọn ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 62 nínú ìkànìyàn 2020. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi wọ́n ní Bronx, Chicago, Miami àti San Diego, ó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn tó ti rí ó kéré tán ọ̀kan nínú ìyà wọ̀nyí.

Ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ti Fresno, ní California. Ní 1998 yẹn kan náà, William Vega àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé nínú àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí àìsàn ọpọlọ tàbí oògùn olóró ti dà láàmú rí. Nínú àwọn tí wọ́n bí sí Mẹ́síkò, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn àtìpó yìí ni kò lówó. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa: ènìyàn kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Ìyá àgbà wà nílé. Bàbá ìsàmì ọmọ ti di mọ̀lẹ́bí pátápátá. Bí ilé bá gbóná, ọmọ mọ ẹni tó lè sá tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lo ọdún 13 sókè ní Amẹ́ríkà ń ṣàìsàn ju àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo Látínò lọ̀rọ̀ yìí bá mu: ìwádìí mìíràn kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará Puerto Rico.

Ìdí tí ẹni tó yí ọmọ ká fi ṣe pàtàkì wà nínú ara: bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, kọtísọ́ọ̀lù, èròjà ìpayà inú ara, a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà tó gbé e mọ́ra ló ń mú kó lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀rù náà kò bá dáwọ́ dúró, tí kò sì sẹ́ni tí yóò gbé ọmọ mọ́ra, ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló ń fara gbá a.

Ìdí nìyí tí ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lẹ́nu ibodè òun àti Mẹ́síkò ní 2018 fi burú tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gba ọmọ àwọn àtìpó tó lé ní 2,000 lọ́wọ́ òbí wọn. Dókítà Colleen Kraft, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà nígbà náà, rí ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ ní ibùdó kan ní Texas, tó ń ké, tó ń fọwọ́ lu ẹní. Òṣìṣẹ́ wà nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti nǹkan ìṣeré, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á láyè láti gbé e mọ́ra.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ Látínò le, yóò fara dà á. Ara àwọn tó yí ọmọ ká ni agbára yẹn ti ń wá. Ìjọba tó bá tú wọn ká ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá àìsàn ọ̀la sílẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún un.