Ẹ̀rọ Ìfọṣọ tí Kò Gba Omi: Orúkọ Ẹ̀yà àti Ọ̀nà Ìwádìí

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ni ó sì yẹ kí a wò kí a tó sọ ẹ̀yà ẹ̀rọ lórúkọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá kọ̀ tí kò gba omi, “fáàfù ti bàjẹ́” ni gbólóhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Wọn a pààrọ̀ fáàfù, owó a lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà lè má gba omi. Orúkọ náà, fáàfù, kò sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà yìí ń ṣe fún ẹni tí ń lò ó. Nítorí náà kò lè tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà. Bí orúkọ bá ti ara iṣẹ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa darí ìwádìí.

Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé

Láti táàpù, omi ń gba inú rọ́bà ìgbomi dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń pàdé “asẹ́”, àwọ̀n kékeré tí ń ṣe fún omi ohun tí asẹ́ ológì ń ṣe fún ògì: ó ń dá pàǹtí dúró, ó sì ń jẹ́ kí omi kọjá. Lẹ́yìn asẹ́ ni ẹ̀yà tí a ń pè ní fáàfù wà. “Adènà omi” ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí pé, bí adènà ààfin, kì í ṣí ọ̀nà láìgba àṣẹ. Wáyà bàbà tí a ká wà lára rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá gba inú wáyà yìí kọjá, yóò di òòfà, yóò sì fa ọ̀pá irin kékeré kan sókè. Ihò tín-ín-rín kan yóò ṣí. Ipá omi fúnra rẹ̀ ni yóò wá gbé awọ rọ́bà tí ó dí ojú ọ̀nà ńlá. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: iná ń ṣí ihò kékeré, omi ni ó ń ṣí ọ̀nà ńlá.

Bí omi bá ti ń ga nínú ẹ̀rọ, ó ń ti afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń fi tó “òṣùwọ̀n omi” létí pé omi ti tó.

Ohun tí etí ń sọ

Etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹni tí ń wádìí ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí adènà bá ń kùn ṣùgbọ́n tí omi kò wọlé, iná ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi ni kò ráyè kọjá. Kí ó wò ó bóyá táàpù ṣí, bóyá rọ́bà ti ṣẹ́po lẹ́yìn ẹ̀rọ, bóyá asẹ́ ti dí. Omi kànga ẹlẹ́rọ tí iyanrìn tàbí ìpáàrà irin wà nínú rẹ̀ a máa tètè dí asẹ́. Kí a tó tú ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ yọ okùn iná kúrò lára ògiri, kí a sì ti táàpù.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó ṣeé ṣe kí àṣẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ adènà. Ìdè ilẹ̀kùn lè má wọlé dáadáa. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì lè dí, kí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, kí òṣùwọ̀n omi sì máa jẹ́rìí èké pé omi ti kún. Ó sì lè jẹ́ pé wáyà bàbà adènà ni ó já. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti yẹ ìwọ̀nyí wò.

Ẹ̀rọ mìíràn ń gba omi, omi kò sì dúró nínú rẹ̀. Rọ́bà ìdominù tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á; ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi inú ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀pọ̀ omi yàtọ̀ sí ipá omi

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, táńkì orí òpó ni ó ń fún ilé lómi. Ẹni tí táńkì rẹ̀ kún dẹ́mudẹ́mu a máa rò pé kò sí ohun tí ó kù. Ṣùgbọ́n gíga ni ó ń fún omi ní ipá, kì í ṣe ìtóbi táńkì. Gíga mítà 1 ń fún omi ní ipá bíi kílópásíkà 10. Bí ojú omi táńkì bá ga ní mítà 3 sí ilẹ̀, tí ibi tí rọ́bà ti wọ ẹ̀rọ sì ga ní mítà 1, mítà 2 péré ni ó kù, èyí tí í ṣe kílópásíkà 20. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìlò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń béèrè kílópásíkà 50 ó kéré tán, ìyẹn gíga tí ó lé díẹ̀ ní mítà 5. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, adènà lè kùn láti àárọ̀ di alẹ́; ipá tí yóò gbé awọ rọ́bà ni kò tó. Bí wọ́n tilẹ̀ pààrọ̀ adènà lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni yóò rí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a gbé táńkì ga sí i, kí a fi ẹ̀rọ tí ń ti omi sí ojú ọ̀nà, tàbí kí a lo adènà tí a ṣe fún omi tí ipá rẹ̀ kéré.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, a lè ti ilẹ̀kùn, kí a tan ẹ̀rọ, kí a sì rọra da omi sí ojú àpótí ọṣẹ, láìjẹ́ kí ó ta sí ibi tí iná wà. Òṣùwọ̀n omi kì í béèrè ọ̀nà tí omi gbà wọlé. Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ, aṣọ ọjọ́ náà ti bọ́, ẹ̀rí sì ti wà: òṣùwọ̀n àti ìdè ilẹ̀kùn dá ṣáká, láàárín táńkì àti adènà ni kí a ti wá àìsàn náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, fi hàn pé ọmọdé lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí èdè náà bá àgbà dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń pe ẹ̀yà yìí ní adènà omi yóò béèrè ohun méjì kí ó tó náwó: ṣé àṣẹ dé ọ̀dọ̀ adènà? Ṣé omi tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ipá tí ó tó láti wọlé?